Àwòṣe ẹ̀rọ Castlefield: kẹ̀kẹ́ ti yí, omi ń jò

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń kan àwòṣe ilé ìkẹ́rùsí Castlefield, ní Manchester, àmọ́ àná ni omi kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó yí o! Àfi pé ìdajì omi náà wà lórí tábìlì, ìdajì wà nínú bàtà mi.

Ẹ̀rọ tó ń fa èédú gòkè, tí James Brindley, ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ṣe sí òpin kánáàlì Bridgewater ni mò ń ṣe àwòṣe rẹ̀. Duke Bridgewater ló ni kòtò èédú ní Worsley, ṣùgbọ́n owó tí ẹṣin fi ń ru èédú wọ Manchester pọ̀ jù, ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi. Ní 1761, ọkọ̀ ojú omi tó kó èédú ti ń gba orí afárá Barton, tó gbé omi kánáàlì, kọjá, odò Irwell ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kánáàlì wọ ìlú tán, owó èédú já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìsàlẹ̀ òkè òkúta pupa kan ni kánáàlì parí sí, títì sì wà lókè. Ta ni yóò máa fi èjìká ru èédú gòkè? Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọlọ ni Brindley kọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Ó gbẹ́ ihò wọnú òkè kí ọkọ̀ lè wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ́ ojú kan bíi kànga láti òkè wá bá a, ó sì fi omi odò Medlock yí kẹ̀kẹ́ tó ń fa àpótí èédú jáde. Wọ́n wó ilé ìkẹ́rùsí orí rẹ̀ ní 1960. Apá kan ni wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn náà.

Kẹ̀kẹ́ tèmi: pákó pẹlẹbẹ méjì, igi áásìkiriìmù 16 láàárín wọn, sípóòkì kẹ̀kẹ́ ọmọ ló gún un láàárín. Páálí ìṣáná tí mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ni àpótí èédú. Mo ṣí omi, páálí fò sókè, ó gbá igi òkè, òwú já, gbogbo ẹ̀ já lu ọkọ̀. Kò sí ohun tó ń dá a dúró.

Mo wá ṣe é bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ omi lọ ọkà ṣe máa ń ṣe láti gbé àpò ọkà: bẹ́líìtì tó dẹ̀. Rọ́bà ni mo lò. Bó bá dẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa yí lásán. Bí mo bá fa òwú kékeré kan, igi tínínrín á tẹ rọ́bà náà, á le, ẹrù á gòkè. Mo fi awọ bàtà àtijọ́ ṣe bíréèkì, torí bí mo bá jọ̀wọ́ òwú, ńṣe ni àpótí ń já bọ́ gbì.

Ti omi tó ń jò ló gba sùúrù. Gọ́ọ̀mù kọ̀, kò mú igi tútù. Amọ̀ ni Brindley fi ń dí ìdí kánáàlì, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ po amọ̀ ilé lábúlé bàbá ìyá mi. Mo ra amọ̀ amọ̀kòkò, mo pò ó títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ nípọn bí àtàǹpàkò. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ o, bó bá gbẹ, á sán. Torí náà omi ò kúrò nínú rẹ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n ní Brindley fìgbà kan fi wàrà líle gbẹ́ àwòṣe afárá. Ìyá àwọn ọmọ ní ìyẹn ló yẹ kí n ṣe, torí ó kéré tán, wọn ì bá rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Lálẹ́ yìí, páálí ìṣáná gòkè nígbà mẹ́fà, òwú ò já. Òrùlé ló kù.