139 tó di 385

Àbúrò mi kan gbé pròjẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá bá mi lánàá, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní òun ti ṣírò iye èèyàn tóun máa yẹ̀ wò, 139 péré. Mo ní kí lo fẹ́ mọ̀ lára wọn gan-an? Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀yìn dídùn. Haa! Kòtò témi náà já sí nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣe tèmi lọ́jà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, ṣúgà nìkan ni mo fi ṣírò. Mo fojú bù ú pé 10 nínú 100 ló máa ní in, mo fàyè àṣìṣe 5 sílẹ̀ lókè, 5 nísàlẹ̀, ni fọ́múlà bá gbé 139 jáde, ó sì dùn mọ́ mi torí owó fọ́tókọ́pì. Àmọ́ ẹ̀yìn dídùn tí mi ò mọ iye tó ń ṣe rárá, 50 nínú 100 ló yẹ kí n fi sí i torí òun ló ń gba èèyàn jù, 385 nìyẹn ń bèèrè. Mo ti ń ká ìbéèrè fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan lọ́wọ́ (ó fa apá ẹ̀ yọ nínú aṣọ tá a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní oníbàárà dé, kí n jẹ́ kóun wọn kọ́ńgò méjì fún un ná) kí sùpafáísọ̀ mi tó ní kí n lọ wá 246 sí i.

Tó bá jẹ́ pé iye lásán lo fẹ́ mọ̀, ṣírò tọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o mú èyí tó pọ̀ jù, kó o sì fi tàwọn tó máa sá lé e, ó parí.

Ibi tó le ni tó o bá fẹ́ fi ìsọ̀rí méjì wéra. Tó o bá máa hó yèè nígbà tí èyíkéyìí nínú mẹ́ta bá ṣáà ti yàtọ̀, 0.05 (àyè 5 nínú 100 pé ìyàtọ̀ tí kò sí á dà bíi pé ó wà) lẹ́ẹ̀mẹta lè tàn ẹ́ jẹ nígbà bíi 14 nínú 100, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín 0.05 sí mẹ́ta, ọ̀nà Bonferroni, tí èèyàn 63, ká ní òun ló tó ní ìsọ̀rí kan tẹ́lẹ̀, á sì di 84. Tó bá jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ ńkọ́? O ò ní pín nǹkan kan, àmọ́ àǹfààní 80 nínú 100 tó o ní láti rí ìyàtọ̀ tó wà lóòótọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ sí bíi 51 tí wọn ò bá tan mọ́ra, èèyàn náà lo ṣì máa wá kún un.

Ó ní ṣé kóun kúkú yọ ẹ̀yìn dídùn kúrò? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó o kọ 30 nínú 100 sí ńkọ́, 323 nìyẹn o. Ó dákẹ́ lọ, ó wá ní eélòó ni wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì báyìí.