Kí Ẹ Tó Lọ sí Orvieto, Ẹ Mú Ìbéèrè Kan Dání

Àwọn ará tó ń lọ sí Ítálì máa ń bi mí pé ìlú kékeré wo ló yẹ kí wọ́n yà wò láàárín Róòmù àti Florence. Orvieto ni mo máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má to orúkọ ibi rẹpẹtẹ sínú ìwé. Ẹ lè rin ìlú yẹn já láàárọ̀ kan kí ẹ má rí nǹkan kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé dání láti ilé. Èyí tí èmi gbé lọ ni pé: ìlú tó jókòó sórí àpáta, níbo ló ti ń rí omi mu nígbà tí ogun bá dó tì í? Ìbéèrè yẹn ló to gbogbo ìrìn mi fún mi.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830 yóò tètè lóye ìdí tí wọ́n fi tẹ ìlú dó síbẹ̀. Òkúta tí òkè oníná ìgbàanì tú jáde ni àpáta náà, tufo ni wọ́n ń pè é, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dá sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan yí ìlú ká. Àwọn Etruscan, ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Ítálì, ló ń gbé orí rẹ̀ títí Róòmù fi kó wọn ní ọdún 264 ṣáájú ìbí Kristi. Àpáta lè dí ọ̀tá lọ́nà. Kò lè pa òùngbẹ.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ máa gbà wọ̀lú gan-an ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè, ní Orvieto Scalo, ni ọkọ̀ ojú irin ń já èèyàn sí. Ọkọ̀ kékeré kan tí okùn irin ń fà, funicolare, ni yóò gbé yín gòkè dé Piazza Cahen láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ti wà láti 1888, ìgbà tó jẹ́ pé agbára omi ló ń gbé e rìn. Bí ẹ bá ti sọ̀, ẹ yà sí Pozzo di San Patrizio, kànga jíjìn kan, kí ẹ tó wọ àárín ìlú. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ nìyí.

Ní 1527, àwọn ọmọ ogun olú-ọba Charles Karùn-ún kó Róòmù, Póòpù Clement Keje sì sá wá sí Orvieto. Ẹ̀rù bà á pé bí wọ́n bá lé òun débẹ̀, òùngbẹ ni yóò mú òun. Ló bá ní kí Antonio da Sangallo, ayàwòrán ilé, gbẹ́ kànga náà. Ó jìn tó mítà 53, ó fẹ̀ tó mítà 13. Àtẹ̀gùn méjì ló lọ́ yí i ká dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbésẹ̀ 248. Ìbaaka ni wọ́n fi ń gbé omi: èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà kan, èyí tó ru omi gba ìkejì, wọn kì í sì í pàdé. Afárá kan ló so ọ̀nà méjèèjì ní ìsàlẹ̀. Mo dúró lórí afárá náà, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti òkè wá, ó sì ṣòro fún mi láti kúrò níbẹ̀. Clement kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1534. 1537 ni kànga parí.

(Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹ gbọ́: ìlú yìí náà ni àwọn ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ ti wá bá Clement ní 1528, pé kí ó tú ìgbéyàwó ọba ká. Ọ̀ràn yẹn ló yọrí sí bí ìjọ England ṣe kúrò lábẹ́ Róòmù. Orí mi wú níbẹ̀, nítorí inú ìjọ yẹn ni wọ́n ti rì mí bọmi.)

Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kó má sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga o. Màmá mi jókòó sínú ọgbà odi Albornoz, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ń wo àfonífojì, inú wọn sì dùn ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ ilẹ̀. Ihò tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti gbẹ́ sísàlẹ̀ ilé àwọn ará ìlú. Ẹ kò lè dá wọlé. Afinimọ̀nà ló ń kó èèyàn wọ̀ ọ́ ní wákàtí tí wọ́n dá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ní Piazza Duomo, gbàgede iwájú kàtídírà, kí ẹ tó ṣètò ìyókù ọjọ́. Ẹ ó rí kànga àwọn Etruscan níbẹ̀, tóóró, pẹ̀lú ihò ìtẹsẹ̀bọ̀ lára ògiri rẹ̀. Ẹ ó tún rí ilé ẹyẹlé tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. Ẹyẹlé ń fò lọ jẹun níta, ó ń padà sílé sùn. Ọmọ ogun tó dó ti ìlú kò lè ká a mọ́lé. Wọ́n ṣì ń se ẹyẹlé ní ilé oúnjẹ Orvieto dòní.

Kàtídírà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1290, ni kí ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́: ìwọ̀ oòrùn ni iwájú rẹ̀ kọjú sí, ìgbà yẹn ni wúrà ara rẹ̀ ń tàn. Ẹ wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó tì í, kí ẹ wo àwòrán ọjọ́ ìkẹyìn tí Luca Signorelli yà láàárín 1499 sí 1504. Ẹ bo èjìká yín.

Ẹ sùn síbẹ̀ bí agbára bá ká a. Èrò tó wá fún ọjọ́ kan máa ń wọkọ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìlú á wá ráyè jáde sí ìgboro. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń tì lẹ́yìn ọ̀sán títí di alẹ́, nítorí náà ẹ jẹun ní àsìkò. Búrẹ́dì wọn kì í ní iyọ̀; bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Umbria, ẹkùn tí Orvieto wà, nìyẹn.

Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ń lò, bí ẹ tilẹ̀ ń gbé ní London, físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, di dandan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì dín ní ọjọ́ 15. Wọn yóò béèrè ìwé adójútòfò tó kájú ìtọ́jú €30,000. Láti Roma Termini, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní regionale. Kò gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ bébà, ẹ fi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lù ú lóǹtẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn lọkàn yín fà sí, ẹ wá ìbéèrè tirẹ̀. Ní Lucca, ẹ bèèrè bí odi ìlú ṣe wà lódindi títí dòní, tí àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Ní Siena, ẹ bèèrè ọ̀nà tí omi ń gbà wọ̀lú lábẹ́ ilẹ̀. Ní Alberobello, ẹ bèèrè ìdí tí wọ́n fi to òkúta òrùlé wọn láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ ó sì gbọ́ ìtàn owó orí.