Kí ọmọ Okun tó kó ẹrù lọ sétí ọ̀sà

Okun o, gbogbo ilé.

Àwa ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí à ń kí ara wa ní “okun” láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, a ò ní òkun kankan nítòsí. Òkè àti àpáta la mọ̀. Síbẹ̀, agboolé tí kò lọ́mọ ní Èkó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, ọdọọdún sì ni àwọn mìíràn ń di ẹrù wọn. Bí ẹni tó fẹ́ lọ bá ń wádìí, iye owó ilé àti irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló máa ń béèrè. Ìwọ̀nba ló ń béèrè nípa omi. Bẹ́ẹ̀, omi ni yóò pinnu bóyá ìgbé ibẹ̀ á tù ú lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tiwa ná. Kàbbà fi ohun tó lé ní 400 mítà ga ju òkun lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀, àgbàrá á sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ sódò. Kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ó lè gbẹ́ ọ̀nà, ó lè hú ìdí ilé síta, ṣùgbọ́n ó ń kọjá ni. Ní Èkó, omi ń jókòó. Ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kí àti Victoria Island, mítà kan tàbí méjì péré ni wọ́n fi ga ju òkun lọ. Omi ò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó máa gbà sọ̀kalẹ̀. Òkun fúnra rẹ̀ tún ń kún, ó ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá kún, ó máa ń ti omi kánààlì padà sẹ́yìn, gọ́tà gbogbo àdúgbò á sì dúró gbagidi. Láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni. Ìdí nìyí tí òjò kékeré kan fi lè dí ọ̀nà lówùúrọ̀, tí òjò tó jù ú lọ sì lè rọ̀ lálẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ pẹ́ kì í wo bí òjò ṣe pọ̀ tó nìkan, ó ń wo wákàtí tó rọ̀.

Òjò Èkó máa ń lé ní 1,500 mílímítà lọ́dún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà ló máa ń le jù, ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ọjọ́ kan ṣoṣo lè kó ìdá ńlá nínú rẹ̀: ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò tó lé ní 200 mílímítà ló rọ̀ ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí.

Omíyalé mìíràn tún wà tí kò dúró de òjò Èkó rárá. Odò Ògùn ń ṣàn wá láti òkè lọ́hùn-ún, ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta sì ń di omi ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń wọnú rẹ̀. Bí ìdídò náà bá ti kún, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀. Ìṣẹ́rì, Kára, Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló máa ń gbà á. Oòrùn lè máa ràn lójú ọ̀run kí omi máa gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá gba ilé níbẹ̀ nínú oṣù Kìíní, nígbà tí erùpẹ̀ gbẹ táútáú, kò rí nǹkan kan.

Nítorí náà, ilé wíwò ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ẹ má kọ́kọ́ wọnú ilé. Ẹ dúró lójú títì, kí ẹ wo bóyá ilẹ̀ ilé ga ju ọ̀nà lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe ni ọ̀dà títì ń ga sí i, tí ilé àtijọ́ sì ń di kòtò. Ilé tí ẹ bá ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó wọ̀, ẹ máa lọ. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí méjì ga ju àárín ọ̀nà lọ, ó tẹ́ni lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé gọ́tà títí dé ibi tó parí sí. Kò lè gbà yín ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bó bá já sí kánààlì tàbí ọ̀sà, ó dára. Ọ̀pọ̀ ló máa ń parí síwájú ilé ẹlòmíràn, tàbí sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ lé e lórí. Gọ́tà tí omi aláwọ̀ ewé dúró sínú rẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kò lọ síbì kankan.

Ẹ wá wo ògiri. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tó bá dé. Onílé á kun ọ̀dà tuntun láti ilẹ̀ dé orúnkún, ẹ ó sì rí i pé òkè ògiri ti ṣá nígbà tí ìsàlẹ̀ ń dán. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, inú ilé ìwẹ̀, àti fẹ́ǹsì aládùúgbò, torí kò sí onílé tí í kun fẹ́ǹsì ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù sí ẹnu ọ̀nà bí ìdènà, tàbí tí ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ẹnìkan ti kọ́gbọ́n nínú ilé yẹn rí.

Àjẹ́ńtì kọ́ ni kí ẹ bi. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ bi fọkanáísà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan kékeré. Ẹ má béèrè pé “ṣé omi máa ń wọbí?” torí “rárá” ni ìdáhùn tó yá jù. Ẹ bi wọ́n pé: “Lọ́dún tó kọjá, ibo lomi dé lára yín?” Ọwọ́ ni wọn ó fi júwe, sí kókósẹ̀, sí orúnkún, tàbí sí ìbàdí. Ẹ tún bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ń pe ọkọ̀ wá fa sókàwéè, ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹwàá. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti sún mọ́ òkè, ihò náà kì í gba nǹkan kan mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá omi padà. Ó burú ju omi ẹnu ọ̀nà lọ.

Láàárín yàrá ńlá nísàlẹ̀ àti yàrá kékeré lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo fara mọ́ ti òkè. Kí ẹ ṣáà wo àjà rẹ̀ bóyá àpá òjò wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ kó sì kọ́lé, kó ṣọ́ra fún iyanrìn etí òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ó máa ń mú ọ̀dà ògiri ṣí, ó sì ń mú irin inú kọ́ńkéré dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á sì la kọ́ńkéré náà. Iyanrìn odò tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n fi kọ́lé, kí wọ́n sì tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó gun orí rẹ̀, kí omi ilẹ̀ má baà gun ògiri. Lórí irà, ìpìlẹ̀ tí bíríkìlà wa ń gbẹ́ ní Mopa tàbí Ìyàrà kò ní dúró. Kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò ní láàbù kí ẹ tó ra símẹ́ńtì kan.

Nípa omi mímu, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Nílẹ̀ Okun, kànga máa ń gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì lè gbẹ́ bohóòlù dé àárín àpáta kí wọ́n má rí omi kankan. Ní etí ọ̀sà, omi ò jìnnà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ tàbí omi pupa tó kún fún ìpẹtà ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ dán an wò: bí kò bá hó, tí ẹnu sì ń rí iyọ̀, síse kò lè tún un ṣe, torí síse ń pa kòkòrò ni, kì í mú iyọ̀ kúrò. Ẹ ó ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tàbí ọkọ̀ tánkà, ẹ fi kún owó ilé nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Kànga tí kò jìn, tó sì sún mọ́ sókàwéè, ẹ má mu ún láìsè. Bí kò bá sí gáàsì, ẹ̀kán méjì búlíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ló tó fún lítà kan omi tó mọ́. Tó bá dọ̀tí díẹ̀, mẹ́rin. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu.

Òjò fúnra rẹ̀ dùn ún gbà. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, bí òjò 20 mílímítà bá rọ̀, á fún yín ní nǹkan bíi 1,000 lítà. Ẹ jẹ́ kí ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ fọ páànù lọ ná, kí ẹ tó gbé àgbá sábẹ́ rẹ̀. Ó dára fún ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀. Ẹ bo àgbá náà, torí ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í dúró de ìgbà òjò.

Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ irin. Páànù tó ti ń pẹ́ nílé baba wa ní Ẹ̀gbẹ̀ á yára pọ́n nítòsí òkun. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ lò, èyí tó nípọn 0.55 mílímítà, kì í ṣe 0.45. Irin ojú fèrèsé, ẹ fi ọ̀dà pupa ìdènà ìpẹtà kùn ún ní ìpele méjì kí ẹ tó kun èyí tó ń dán, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí àmì pupa kékeré bá yọ, kì í ṣe ìgbà tó bá ti jẹ wọnú.

Oúnjẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé náà ń jìyà. Ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀ débi pé èlùbọ́ tó lè pẹ́ oṣù mẹ́fà ní Ìsánlú lè bu láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọyẹ́ tó ń gbẹ nǹkan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí àpò bá dé láti gáréèjì, ẹ sá èlùbọ́ náà sóòrùn fún ọjọ́ kan sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pín in sínú ọ̀rá méjì-méjì, kí ẹ kó o sínú ike onídèérí. Bí ẹ bá dì í ní gbígbóná, òógùn rẹ̀ ni yóò bà á jẹ́. Èlùbọ́ tó ti bu, ẹ má gbọ̀n ọ́n kí ẹ rò ó. Ẹ dà á nù. Ẹ̀wà, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí yóò fi kún dé ọrùn, ẹ dé e pa, kòkòrò kò ní rí atẹ́gùn mí. Iṣu, ẹ tò ó sórí pákó tó kúrò nílẹ̀, kí ọ̀kan má gun èkejì, kí ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iṣu kan tó bá rà lè kó bá mẹ́wàá. Aṣọ híhun àwọn ìyá wa pàápàá, irú èyí tí Bùnú mọ̀ ọ́n hun, kò yẹ kó wà nínú àpótí irin títí ọdún á fi yí po. Ẹ máa tú u síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji.

Ìdùnnú ibẹ̀ náà kò kéré. Ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju omi lọ, nítorí náà lọ́sàn-án ni atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wá láti ojú òkun, ní wákàtí gan-an tí oòrùn oṣù Kẹta bá ń sun wá lórí àpáta nílé. Ètè kì í là bíi ti ìgbà ọyẹ́. Ẹja tútù wà láti Ẹ̀pẹ́ wá, ẹ̀fọ́ ń hù jálẹ̀ ọdún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ orílẹ̀-èdè yìí, iṣẹ́ wá pọ̀ síbẹ̀. Mo mọ iyì àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá gba ilé níbi tí omi ti ń rí ọ̀nà lọ ló ń gbádùn wọn.

Lọ́jọ́ tí omi bá bo ọ̀nà, ẹ má wọ̀ ọ́. Ínṣì 6 omi tó ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ẹsẹ̀ bàtà kan lè gbé ọkọ̀ kékeré, méjì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ihò gọ́tà tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí kì í hàn lábẹ́ omi. Bí omi bá ń bọ̀ nínú ilé, ẹ pa iná láti orí mítà kó tó dé ibi tí wáyà wà. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé nítorí òjò, èéfín rẹ̀ ń pani. Lẹ́yìn omíyalé, àìsàn onígbá méjì lè tẹ̀lé e: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí wọn dọ́gba, nínú lítà kan omi tó mọ́, ni kí ẹ máa fún aláìsàn bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Oṣù Kẹfà tàbí Kẹwàá ló dára jù láti wo ilé, nígbà tí ilẹ̀ kò lè parọ́. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àfi ní Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ìkẹjà GRA tí òfin náà yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé Èkó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bẹ ará ilé kan kí ẹ wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ tó le á fi rọ̀, kí ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ sì lọ dúró síwájú ilé tí ẹ fẹ́ gbà.