Melos àti Ìsàlẹ̀ Èkó: àyẹ̀wò ọdún mi

Lóṣù kìn-ín-ní, mo kọ orúkọ ìwé méjìlá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mẹ́rin péré ni mo kà tán. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ oyè kejì ni mò ń ṣe, lórí ohun táwọn àgbà àtijọ́ àti tòde òní rò nípa bó ṣe yẹ kí orílẹ̀-èdè máa bá ara wọn gbé. Inú bọ́ọ̀sì láti Yábàá ni mo ti kà púpọ̀ nínú rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wúlò lọ́jọ́ kan.

Èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta ni ti Thucydides, òpìtàn ará Gíríìsì àtijọ́. Ní ọdún 416 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Áténì kó ọkọ̀ ogun lọ sí Melos, erékùṣù kékeré kan, pé kí wọ́n wá sin àwọn. Melos ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Àwọn ará Áténì ní àárín ẹgbẹ́ ni ẹ̀tọ́ wà, pé ohun tí agbára alágbára bá ká ló ń ṣe, aláìlágbára á sì fara mọ́ ọn. Melos kọ̀, ó gbójú lé àwọn òrìṣà àti Sparta, ìlú tó ń bá Áténì figagbága. Sparta ò wá. Àwọn ará Áténì pa ọkùnrin Melos, wọ́n kó obìnrin àtọmọdé lẹ́rú.

Mo sọ ọ́ fún àǹtí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ata ni wọ́n ń ṣà, wọn ò gbójú sókè: “Bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ṣé Dòsùnmú ò mọ̀yẹn ni?”

Háà! Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà, Gẹ̀ẹ́sì ní kí Dòsùnmú, ọba Èkó, fọwọ́ síwèé, kó fa Èkó lé àwọn lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n Èkó ò tíì gbàgbé àgbá tí wọ́n yìn lù ú ní 1851. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà, ó fọwọ́ sí i. Ta ló gbọ́n jù, òun tàbí Melos? Mo ti yí ìdáhùn mi padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtìjú ọdún yìí ńkọ́? Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, fara mọ́ bí Òyìnbó ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Olùkọ́ fi bírò pupa yí i ká. Ó tọ́ sí mi, mi ò ka ìwé náà tán. Nínú èyí tó kọ ní 1795 lórí àlàáfíà ayérayé, ó ní àlejò lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n má ṣe é bí ọ̀tá, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn ará Yúróòpù tó sọ àbẹ̀wò di ìgbogunti. (Ohun tó ti kọ sẹ́yìn nípa ẹ̀yà èèyàn ṣì ń bí mi nínú o.)

Ìwé tí Rawls, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1999 ṣì wà lórí tábìlì, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ni mo fi sàmì sójú ewé kọkànlá. Àǹtí ní tí mo bá ń bọ̀ wá jẹ ọdún, kí n wá sọ tiẹ̀ náà fáwọn.