Ọdún tí igbó gbà lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òpin ọdún o. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Dìsẹ́ńbà ni mo máa ń gbé àyẹ̀wò ọdún mi síta, tọdún yìí ti pẹ́, ẹ má bínú. Láti àná ni mo ti jókòó tí mò ń wá ohun tí mo ṣe lóṣù Fẹ́búárì, mi ò rí nǹkan kan. Oṣù Kárùn-ún náà, mo ṣá rántí pé àwọn ìbejì ṣèdánwò. Gbogbo ìyókù, igbó ni. Igbó ni mò ń rò sùn, òun náà ni mò ń rò jí, ẹni tó bá pè mí pé báwo niṣẹ́, ọ̀rọ̀ igbó ni mo máa fi dá a lóhùn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: a ra éékà 61, èmi àti Màmá Ìbejì, lẹ́yìn Ọdẹdá, lápá Ọlọ́kẹ́mẹ́jì. Plọ́ọ̀tì mẹ́fà ló máa ń wà nínú éékà kan, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó gbọ́ fi ń bi mí pé ìgbà wo la máa gé e tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbarà tiẹ̀ ti bá wa wá orúkọ fún ẹ́stéètì náà. A ò ní gé e. Nǹkan mẹ́ta la rà á fún: ká níbi tá a lè lọ fara nísinmi, ká gbin gẹdú táwọn ọmọ máa rí tà lọ́jọ́ iwájú, ká sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, kí ẹyẹ àti ẹranko ríbi gbé. Nígbà tá à ń rà á, mo rò pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa gbé pọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti wá mọ̀ pé wọ́n máa ń bára wọn jà, ohùn gẹdú ló sì máa ń ròkè jù.

Éékà 70 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá. Sáfíyọ̀ wa rìn ín yí ká fún ọjọ́ méjì gbáko, ó kó àwọn nọ́ńbà tó gbà lórí ẹ̀rọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn, l'Abẹ́òkúta, pé kí wọ́n bá òun wò ó lórí máàpù ìjọba, ló bá padà wá sọ fún wa pé éékà 9 ti wọnú igbó ìjọba. Igbó Ọlọ́kẹ́mẹ́jì yẹn o, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1899, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń dá ṣèjọba ara ẹ̀. Àwọn ẹbí tó ń ta ilẹ̀ ò mọ̀, láti ayé àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ká ní a ti sanwó ńkọ́? Bàbá mi ló sọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ìjọba lọ́wọ́ onílẹ̀, ìwé ló rà." A yọ éékà 9 yẹn kúrò, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ló wá gùn jù. Ilẹ̀ ẹbí ni, ojúlé mẹ́ta ló ni ín, olórí ẹbí àti ojúlé méjì ti ṣe tán, wọ́n ní ká máa kówó bọ̀, àmọ́ ojúlé kẹta ò sí nílé. Lọ́yà wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí olórí ẹbí bá tà á táwọn àgbà ojúlé kan ò mọ̀ sí i, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù kí wọ́n tú u ká, tó bá sì jẹ́ pé àwọn ojúlé ló tà á láìsí olórí ẹbí ńbẹ̀, kò tiẹ̀ sí ohun tó ń jẹ́ títà rárá. Inú bí mi sí i nígbà yẹn, mo rò pé ó kàn ń fi àkókò wa ṣòfò ni, tó bá ka èyí kó jọ̀ọ́ dárí jì mí. Oṣù méjì la fi wá ojúlé kẹta kàn, ìyá àgbà kan ni, Ìbàdàn ni wọ́n wà. Wọ́n fi mọ́tò gbé wọn wá. Wọn ò bèèrè iye owó. Wọ́n ní ká mú àwọn dé etí odò kékeré tó gba inú ilẹ̀ yẹn kọjá, wọ́n bomi bọ́jú, wọ́n ní, "Omi yìí ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣé ẹ máa dí i ni?" A kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé a ò ní dí i láéláé, pé ọmọ ẹbí tó bá fẹ́ bu omi níbẹ̀ lè wọlé nígbàkigbà. Ìka ni ìyá fi tẹ̀ ẹ́. Pérégún táwọn ará àtijọ́ fi pààlà náà, a ò hú u, òun àti òkúta sáfíyọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ìwé gómìnà ló kù, torí òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, a ti fi fáìlì sílẹ̀, à ń retí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà mí tipẹ́, ẹ mọ iṣẹ́ Bàbá. Ọdún 32 ni wọ́n fi wa ọkọ̀ agbégẹdú, láti J4 nínú igbó Ọmọ̀ lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀mìlì. Igbó yẹn ni UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn igbó pàtàkì láyé láti 1977, erin ṣì ń bẹ níbẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Bàbá ti dúró fún erin kọjá rí lóru, wọ́n paná mọ́tò, wọ́n ní àwọn ò mí. Síbẹ̀ wọn ò wọgbó rí láyé wọn kó má jẹ́ pé ẹnì kan ń gégi níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú wọn débẹ̀, ibi tí ọkọ̀ máa gbà wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Mo ní Bàbá, ọkọ̀ gẹdú kankan ò ní wọbí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn igi, wọ́n ń fi ẹ̀yìn àdá gbá wọn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀, ayin, apá, ọ̀gànwó, àràbà. Ìrókò nìkan ni wọ́n kà. 11. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn risíìtì epo.

Wọ́n wá dúró lábẹ́ ọ̀kan tó wà létí omi, tó ga tí ọrùn á máa dunni téèyàn bá ń wo orí ẹ̀, wọ́n ní èyí kì í so. Wọ́n ní láyé ìgbà tàwọn, irú ẹ̀ làwọn máa ń kọ́kọ́ gé, pé àgàn ni. Mi ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Ìgbà tí ọ̀gá fọ́rẹ́sítì kan wá bá wa wo ilẹ̀ ló tó yé mi: ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí tí kì í so yẹn, akọ ni. Bí akọ ò bá sí nítòsí, abo á kàn máa yọ òdòdó lásán ni. Bó bá sì wá so, àdán ló máa ń bá a gbé irúgbìn ẹ̀ kiri lóru. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n wolẹ̀ títí, wọ́n ní, "Àwa gan-an la wá sọ àwọn tó kù dàgàn." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹfà tí òjò rọ̀ dáadáa, a gbin tíìkì. Éékà 5 péré, ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ lókun, a ò gé igi kan tìtorí ẹ̀. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, apá Íńdíà àti Bọ́mà ló ti wá, àmọ́ ilẹ̀ wa bá a lára mu. Kùkùté kékeré tó nípọn bí ìka ni wọ́n ń tà fúnni, wàá rò pé igi ìdáná ni wọ́n dì fún ẹ. Mítà mẹ́ta mẹ́ta la fi jìnnà síra, ó lé díẹ̀ ní 2,200. Àgbẹ̀ méjì tá a bá lórí ilẹ̀, a ò lé wọn, wọ́n ń gbin àgbàdo sáàárín ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ro tiwọn ni wọ́n ń ro tiwa, títí tíìkì á fi ṣíji bo ilẹ̀ ní bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Tọ́ńgíyà làwọn ará fọ́rẹ́sítì ń pè é, Bọ́mà lọ́rọ̀ yẹn náà ti wá. Á lé ní ogún ọdún kẹ́nikẹ́ni tó rí pákó gidi là lára ẹ̀. Èmi á ti lé ní 60 nígbà yẹn. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, inú mi sì dùn sí i.

Mo fẹ́ gbin ìrókò náà, 200, ọ̀gá fọ́rẹ́sítì ní rárá o. Ó ní bí ìrókò kéékèèké bá pọ̀ lójú kan, kòkòrò kan máa ń wọnú ewé ẹ̀, ewé á wú bíi kókó, orí igi á kú, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi máa ń rí oko ìrókò bí oko tíìkì. A wá fi 40 pamọ́ káàkiri sáàárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ òjìji. Mo kà wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, 27 ló ṣì wà láàyè. Bàbá ló gbin èyí tó kẹ́yìn, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbẹ́ ihò ẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè kan lóṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pè mí láti Lafẹ́ńwá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn jókòó tì mí tẹ́ ẹ ò sọ nǹkan kan, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín. Mo ti kọ púpọ̀ síbí, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ n sọ ti rédíò fún yín. Ọjọ́ tí sáfíyọ̀ gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dé, Bàbá ò gbà pé kì í ṣe rédíò, wọ́n ń tẹ̀ lé e káàkiri inú igbó, wọ́n ní kó yí i síbi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, aago kan ti lù. Sáfíyọ̀ ní, "Bàbá, sátẹ́láìtì ló ń bá sọ̀rọ̀ o." Bàbá ní ṣé sátẹ́láìtì kì í gbọ́ ìròyìn ni. Títí di òní, tí sáfíyọ̀ bá pè mí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni "ìròyìn ti dé", àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, a ó wá dákẹ́.

Lóṣù Kẹwàá, oníṣòwò gẹdú kan wá, ìrókò mẹ́rin ló fẹ́ rà, iye tó dá lé e á san gbèsè kọpurétíìfù wa tán, á sì tún ṣẹ́kù. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: mo ṣírò ẹ̀ lóru. Mo tiẹ̀ ti ń pè é padà. Látìgbà ìsìnkú Bàbá ni gbèsè yẹn ò ti jẹ́ n sùn. Màmá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò bínú, ó kàn ní, "Mélòó ni Bàbá kà?" Mo ní mọ́kànlá. Ó ní, "Kó ṣì máa jẹ́ mọ́kànlá."

Ó di mẹ́wàá lóṣù Kọkànlá. Aago márùn-ún ìdájí, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ yẹn pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti gbé ọkùnrin yẹn lọ." Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ síbòmíràn. Igi etí omi ló ń sọ. Wọ́n gé e lóru, wọ́n là á ní pákó síbẹ̀, ẹ̀ka àti èèpo nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, ìyẹ̀fun igi bo gbogbo ilẹ̀ bíi gàrí elépo. Kódà lórí ilẹ̀ ara ẹni, èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé gé irú igi bẹ́ẹ̀, fọ́rẹ́sítì ló máa fúnni níwèé, wọ́n á sì fi òòlù ìjọba tẹ ìdí gẹdú náà. Pákó olè ò lóòlù. A ti fi sùn níbi tó yẹ ká fi sùn. Nígbà tí mo mú àwọn ìbejì débẹ̀, Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ sórí kùkùté yẹn, ó na ara ẹ̀ gbọọrọ, orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yọ síta.

Mo dúpẹ́ ṣá. Ẹ̀yin 14 tẹ́ ẹ bá wa sùn sínú àgọ́ lóṣù Kẹjọ, tẹ́ ẹ gbọ́ ohùn àgbìgbò láàárọ̀ tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀rọ ni, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ jẹ́ n mọ̀ pé ibi ìsinmi yẹn á ṣeé ṣe. A ti so jangilófà kan mọ́ igi apá. Àwọn ìbejì ní afárá orí igi làwọn fẹ́, irú ti Lekki, ìyẹn gùn ní mítà 401, mo ní kí wọ́n ṣì fara mọ́ jangilófà ná.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, iná ló ń bà mí lẹ́rù jù. A ti ro ọ̀nà iná yí tíìkì ká, mítà mẹ́wàá ní fífẹ̀, a ti lọ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má fi iná lé ẹran lápá ibẹ̀, wọ́n gbọ́, olórí wọn tiẹ̀ fi ọmọ ẹ̀ kan sílẹ̀ kó máa bá wa ṣọ́ ọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà ni ìrókò máa ń yọ òdòdó. Ọ̀gá fọ́rẹ́sítì ní ká máa wo mẹ́wàá tó kù dáadáa, pé òdòdó akọ máa ń gùn, á rọ̀ wálẹ̀ bí okùn, tabo kúrú, ó sì nípọn. Mi ò bi Bàbá bóyá igi etí omi yẹn nìkan ni kì í so. Wọ́n kà á, mo kọ 11 sẹ́yìn risíìtì, a lọ jẹun. Risíìtì náà wà nínú Bíbélì mi. Mo ti yá awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Alábàtà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Fẹ́búárì, a máa lọ jókòó sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá Ìbejì ní òun á din àkàrà dání, ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ kó wọ bàtà tó bò ó lẹ́sẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa pàdé ní Ọdẹdá.