Ohun tó ń jẹ adìẹ lóru, àti ohun tí òfin gbà ká ṣe sí i

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí oúnjẹ ewúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé láti Ìsánlú, láti Ẹ̀gbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́kọ́ja tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá wọn pé kó fi sin adìẹ: "Màmá, ẹranko igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa lẹ́ran tán. Ṣé a lè yìnbọn fún un?" Àwọn kan ò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti ra Sniper, oògùn apakòkòrò yẹn, sílé. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni mò ń bá wí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá olè náà mọ̀. Bí adìẹ bá sọnù láìsí ìyẹ́ nílẹ̀, láìsí ẹ̀jẹ̀, erè ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, tàbí èèyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọwọ́ èèyàn pọ̀ nínú ẹ̀. Bí ẹ bá bá òkú adìẹ nílẹ̀, tí orí rẹ̀ ò sí, tó jẹ́ àyà nìkan ni wọ́n fà jẹ, ẹtà tàbí ológbò igbó ló wọlé. Bó bá jẹ́ ẹyin ló ń lọ, tí ẹ sì rí ipa ìrù tó wọ́ gbọọrọ lórí iyẹ̀pẹ̀, awọ́nrínwọ́n ni. Àwòdì ní tirẹ̀ kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ọ̀sán gangan ló ń gbé òròmọdìẹ, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, tí òun náà ń tẹ̀lé èéfín kiri.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá jí tí ẹ rí ewúrẹ́ méjì mẹ́ta nílẹ̀, etí ya, itan ya, tí ohun tó pa wọ́n ò sì jẹ wọ́n tó nǹkan, ẹ má wulẹ̀ pariwo ìkookò. Ajá ni. Ajá àdúgbò ni, tí wọ́n kó ara wọn jọ lóru. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kálukú á ti padà sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀, á máa jùrù fún ẹni tó bá kí i.

Mo rí ti erè fúnra mi nílé adìẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó gba ihò kan wọlé lóru, lábẹ́ wáyà níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti gbá lọ. Ó gbé adìẹ mì, ikùn rẹ̀ wú, kò lè gba ihò náà jáde mọ́. Ìgbà tí a ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀, ó ká rìbìtì mọ́ ìdí ìkòkò omi, ara rẹ̀ ń dán. Àwọn adìẹ yòókù to ara wọn sórí igi ìsùn, wọ́n na ọrùn sísàlẹ̀, ẹyọ kan ò ké. Àwọn ọmọ ti fa àdá yọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, ó ju àpò ìrẹsì bò ó lórí, ó fi igi tì í wọnú àpò, wọ́n lọ tú u sílẹ̀ lẹ́yìn odò. Àwọn kan ṣì ń bínú ẹran yẹn títí dòní, torí ọbẹ̀ ni lójú tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Gbogbo irú erè ni àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, tí wọ́n ń pè ní CITES, ń ṣọ́, ẹni tó bá sì ń ta awọ rẹ̀ kọjá ààlà láìgbàwé àṣẹ ń wá wàhálà.

Ó ti wá kan òfin. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń parẹ́ lọ. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó wà nínú àkọsílẹ̀ kìíní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dọdẹ wọn, kò gbọdọ̀ mú wọn, kò gbọdọ̀ tà wọ́n rárá. Ẹkùn wà níbẹ̀, kìnnìún wà níbẹ̀. Àwọn ti àkọsílẹ̀ kejì, ó dìgbà tí èèyàn bá gbàwé àṣẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, N1,000 ni owó ìtanràn ẹni tó bá fọwọ́ kan ti àkọsílẹ̀ kìíní. Wọ́n tún un ṣe ní 2016, ó fò dé mílíọ̀nù náírà márùn-ún. Ewúrẹ́ wo ló tó iye yẹn? Àjọ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, wà lára àwọn tó ń rí sí i. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ẹranko igbó tí ìjọba Àríwá àtijọ́ ṣe ní 1963 ni ìpínlẹ̀ bíi Kogi tiwa jogún. Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé àpò kọ́ èjìká lọ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin ará ìhà Èjìbà àti Omi, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọgbà ìpamọ́ ẹranko igbó tuntun mẹ́wàá, Kampe tó wà lápá Kwara sì wà nínú wọn. Igbó ò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá lépa ẹranko kọjá wọ ibẹ̀ nítorí pé ó jẹ ẹran yín, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ìbọn ló ń fa àríyànjiyàn jù. Mo bi bàbá kan tí wọ́n ń dọdẹ nílé ọkọ mi léèrè.

"Ẹ kú ọdẹ o, Bàbá. Ṣé ìbọn yín yìí níwèé?"

"Ìyàwó, ìbọn bàbá mi ni. Kí ni mo fẹ́ fìwé ṣe?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn sójà tó wà lójú títì ò mọ bàbá yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ò dáhùn. Òfin ìbọn ti wà láti 1959: ìbọn ọlọ́ta gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ṣakabùlà náà gba ìwé àṣẹ. Ogún kì í ṣe ìwé àṣẹ. Tẹ́lẹ̀, ta ló ń béèrè? Ṣùgbọ́n látìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó wa di ibùba, ẹni tí wọ́n bá rí pẹ̀lú ìbọn nínú igbó lóru ti di afurasí kó tó la ẹnu. Kí ẹ tó ṣàlàyé pé ẹtà lẹ ń ṣọ́, ilẹ̀ á ti mọ́ bá yín ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyẹn bí ẹni tó rí yín ò bá kọ́kọ́ yìnbọn. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ò níwèé, kó lọ gbàwé, tàbí kó bá ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí ẹni tí wọ́n mọ̀ bá a ṣe é.

Májèlé ló ń bí mi nínú. Wọ́n á da Sniper sínú òkú ewúrẹ́, wọ́n á gbé e sẹ́yìn ọgbà, wọ́n á lọ sùn. Ta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Ajá ẹni. Lẹ́yìn náà, igún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tó mi lọ́jọ́ orí, ẹ rántí iye igún tó máa ń bà lórí ilé ẹran lọ́jọ́ ọjà. Ẹ lọ wò ó báyìí. Igún tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó pòórá láyé, májèlé sì wà lára ohun tó pa wọ́n. Èyí tó burú jù lẹ́yìn náà ni ọmọ ilé ìwé tó rí ẹtà tó kú sójú ọ̀nà, tó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, tí ìyá yan án, tó gbé e sójú títì fún àwọn awakọ̀. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ pa. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yéé ta ìgò kékeré 100ml yẹn káàkiri ọjà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọjà wa ṣe rí.

Tákúté onírin ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù. Kì í bi ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ bóyá ti ẹtà ni tàbí ti ọmọ aládùúgbò.

Ajá aládùúgbò wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣera wọn. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ni ìpínlẹ̀ wa jogún láti Àríwá, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960; kì í ṣe Criminal Code tí apá Gúúsù jogún. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹran ọ̀sìn ẹlòmíì ti ṣẹ̀, ajá sì wà nínú ẹran ọ̀sìn. Ẹ ya fọ́tò ewúrẹ́ tó kú, ẹ pe ẹlẹ́rìí kó tó di pé ẹ sin ín, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ajá ló máa ń san owó níbẹ̀ nítorí ìtìjú ju pé kó dé kóòtù.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Texas. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tí coyote, ẹranko igbó kan tó jọ ajá, bá ń kọlu ẹran rẹ̀ lè yìnbọn fún un lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ ní bi í ní ìwé ọdẹ. Ṣùgbọ́n kó má dán an wò pẹ̀lú àṣá! Òfin 1918 kan ń dáàbò bo ẹyẹ bẹ́ẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ gbé gbogbo òròmọdìẹ rẹ lọ. Ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ẹyẹ ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ohun tí òfin kankan ò kà léèwọ̀ ni kí ẹ ti ilé ẹran yín dáadáa. Wáyà adìẹ tó rọ̀ yẹn, ajá á fi eyín ya á. Ẹ ra èyí tí wọ́n jó mọ́ra, olójú wẹ́wẹ́, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ apá, kí ẹ to òkúta sídìí rẹ̀. Kí ewúrẹ́ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ da àwọ̀n àtijọ́ bo ibi tí òròmọdìẹ ti ń jẹun, àwòdì kì í fẹ́ ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ lè há sí. Ẹ ṣán igbó tó yí ọgbà ká. Owó á jáde, mo mọ̀. Mi ò sì tí ì rí ẹni tí ìjọba san owó ewúrẹ́ tí ẹranko igbó jẹ fún, ẹ má fi ìyẹn sọ́kàn.

Bó bá wá jẹ́ ẹkùn gan-an lẹ rí, tàbí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má tọ ipa náà lọ. Ẹ fi nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè hàn bó ṣe tóbi tó, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ igbó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà.