Bàálù tó balẹ̀ tí kò dúró: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bàálù ní Alákíà, pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ bàálù tó balẹ̀ tán, tó sáré kọjá òpin rọ́ńwè (ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé) wọ inú igbó, kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí mo kọ́ jù nípa rẹ̀ ni pé òkè ni ìjàǹbá náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kí táyà tó kan ilẹ̀ rárá.

Bí bàálù bá dé etí rọ́ńwè, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 ló yẹ kó fi ga, kí eré rẹ̀ má sì ju iye tí wọ́n ti ṣírò. Bí eré bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìdí rẹ̀ á tún dá kún un. Bó bá wá léfòó kọjá ibi tó yẹ kó balẹ̀, ọ̀nà tó ti fò kọjá ti ṣòfò nìyẹn. Ní Toronto, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2005, bàálù Air France kan balẹ̀ nínú òjò àti ààrá. Ó ti fò kọjá 1,100 mítà nínú rọ́ńwè tí kò ju nǹkan bí 2,740 lọ kí táyà tó kanlẹ̀. Ó já sí àfonífojì, ó gbiná. Gbogbo èèyàn 309 inú rẹ̀ ló yè.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dá bàálù dúró: bíréèkì, ẹ́ńjìnnì tó ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, àti spoiler. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìn apá bàálù láti ojú fèrèsé: bí táyà bá ti kanlẹ̀, àwọn pátákó pẹlẹbẹ kan á nà dìde lójijì; àwọn ni spoiler. Bí wọn ò bá dìde, apá ṣì ń gbé bàálù sókè, táyà ò wúwo mọ́lẹ̀, bíréèkì ò sì rí nǹkan dì mú. Ní Little Rock, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1999, àwọn páílọ́ọ̀tì ò to spoiler sílẹ̀ kó lè dìde fúnra rẹ̀; èèyàn 11 kú. Ní São Paulo, ní Brazil, oṣù keje 2007, rọ́ńwè tútù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń tẹ iná fún ẹ́ńjìnnì ọ̀tún sì wà níwájú, wọn ò fà á padà. Nítorí èyí, spoiler ò gbéra. Èèyàn 199 ló bá a lọ.

Ti òjò, ẹni tó bá ti wọ Micra nínú àgbàrá òjò ní Iwo Road mọ bí táyà ṣe ń gun orí omi. Bí omi orí rọ́ńwè bá ti ju mílímítà 3 lọ, ìṣirò ọ̀nà tí bàálù máa sá kó tó dúró ti yàtọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, bí páílọ́ọ̀tì bá gbéra padà sókè nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́lé, tàbí tó ní òjò Ìbàdàn pọ̀, ó di Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé e lórí. Ariwo yẹn àti ìkánjú ilé iṣẹ́ ló ń ti àwọn kan láti fi tipátipá balẹ̀.

Kí bàálù tó balẹ̀, ẹ wọ bàtà yín, ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí pinpin, ẹ ka iye ìlà àga tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn méjì tó sún mọ́ yín jù. Èéfín kì í jẹ́ kéèyàn ríran. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde, ẹ fi báàgì sílẹ̀ níbi tó wà.